Ẹni Tí Bàbá Mi Yí Sí Kíbúlà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ṣì máa ń wẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bí òjò bá ń rọ̀, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìlọrin. Ilé Àlhájì tó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé irú èyí tí ẹ ń gbé kọ́ sára ògiri ni o. Àpótí ńlá ni, ó ní ẹsẹ̀ bí àga, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Bí a bá ti kírun Mọ̀ǹgàríbì tán, Àlhájì á ní kí wọ́n gbé e wá sójú fèrèsé. Àwọn àgbà á tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní àgbàlá, àwa ọmọdé á jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni tí ò bá ríbi jókòó á gun odi.

Nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ilé ń torí ẹ̀ tètè jẹun ni ìtàn kóòtù àwọn òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá. A ò gbédè. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé kéú nìkan ni mo lọ, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Télọ̀ kan ló máa ń túmọ̀ fún wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kàwé díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ lọ. Bí òyìnbó bá sọ̀rọ̀ gígùn, télọ̀ á sọ ọ́ ní kúkúrú. Bí òyìnbó bá sọ kúkúrú, télọ̀ á sọ ọ́ di gígùn. Àwọn ìyá wa á ní, "Télọ̀, ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?" Òun náà á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ wá túmọ̀ ẹ̀ ni? Ó yá, ẹ bọ́ síwájú, kí n gba ẹní yín jókòó." Ẹ̀rín á sọ.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé nínú àwọn ìtàn náà ni ti ọ̀gá kan tí wọ́n pa sínú ọ́fíìsì. Wọ́n bá a lórí àga, ó gbórí lé tábìlì bí ẹni tó ń sùn. Ọmọbìnrin tó ń bá a tẹ̀wé ni wọ́n mú, nítorí òun ló kọ́kọ́ wọlé bá a. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọbìnrin yẹn ń sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ìyá wa ń sunkún lórí ẹní. Àfi lọ́yà rẹ̀, ọkùnrin fàkìà-fakia kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pe ẹni yìí, ó bi í léèrè. Ó pe ẹni tọ̀hún, ó bi í léèrè. Ó ń bi wọ́n ṣáá, títí ọkùnrin kan tó ti jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ fi fò dìde láàárín èrò, tó ké pé, "Èmi ni! Èmi ni mo pa á!" Áà, gbogbo àgbàlá hó yèè. Wọ́n tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ó lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìtàn yẹn bíi bàbá mi. Mèsénjà ni bàbá mi ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ kan lágbègbè Post Office. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń nu tábìlì, tó ń po tíì fún mánijà. Bí ìtàn bá ti parí, á fi ọwọ́ lu itan, á ní, "Ṣé ẹ rí i? Bó ti wù kí irọ́ sáré tó, òótọ́ á lé e bá." Á máa sọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà títí a ó fi délé. Ìyá mi, tó ń ta iṣu ní ọjà Ìpátá, á ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká sùn. Òyìnbó yín ò mọ̀ yín rí." Bàbá mi á ní, "Ọlọ́run tó mọ òun ló mọ̀ mí."

Ọjọ́ kan báyìí, ó jáde bó ṣe máa ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn ò tì. Ó wọlé. Mánijà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dojú bolẹ̀, wọ́n ti fọ́ ọ lórí, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ìdí àga. Mùsùlùmí ni mánijà yìí, ọmọ ìlú wa ni, ọmọ ilé ńlá. Èémí ṣì ń lọ ń bọ̀ lára rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tí bàbá mi ṣe, kò sí ọmọ ilé kéú tí wọn ò kọ́ ọ. Ó rí i pé ọkùnrin náà ti ń lọ. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Irin wúwo kan tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì wà lábẹ́ ìhà rẹ̀, bàbá mi fà á yọ kó má baà máa gún un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dì í mú léjìká, ó yí i fi ìhà ọ̀tún lélẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí Kíbúlà, ìhà tí àwa Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun. Ó ń ké Làílàhá ílàlláhù sí i létí títí èémí fi tán. Ó pa ojú rẹ̀ dé. Ó yọ ìnujú ara rẹ̀ lápò, ó fi di àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà yà sílẹ̀. Ìgbà tó ṣe ìyẹn tán ló tó sáré jáde, tó figbe ta. Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó ń kú nìyẹn. Ẹni tí ò bá ṣe é ni à ń bú.

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n béèrè ẹni tó fọwọ́ kan òkú. Bàbá mi ò fi pa mọ́. Ó ní, "Èmi ni mo yí i." Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́wù rẹ̀. Ipa ìka ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin. Ìnujú rẹ̀ wà lágbọ̀n òkú. Ni akọ̀wé ọ́fíìsì bá tún sọ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mánijà jágbe mọ́ ọn nítorí pé ó lọ kírun Alàásàrí nígbà tí àlejò ń dúró de tíì, àti pé bàbá mi fèsì pé, "Ọlọ́run ni yóò dájọ́ láàárín èmi àti ẹ̀yin." Ẹ gbọ́ mi o, ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ nílé nìyẹn bí a bá fún un ní ẹran tó kéré. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ó lérí mọ́ ọ̀gá òun. Wọ́n kì í mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ.

Gbogbo àdúgbò wá sílé wa. Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ nu ojú yín nù. Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni? Lọ́yà á bi wọ́n léèrè, á bi wọ́n léèrè, ẹni tó ṣe é á fúnra ẹ̀ dìde." Ìyá mi gbà á gbọ́. Gbogbo wa la gbà á gbọ́. Níbo la tún ti mọ kóòtù? Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gbọ́ ẹjọ́ náà, ìyá mi á wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, á mú mi dání, a ó lọ jókòó. Kì í wo adájọ́. Ẹ̀yìn ló ń wò, ibi tí àwọn èrò jókòó sí. Ó ń wá ẹni tó máa dìde.

Lọ́yà tí ìjọba fún wa, ọmọdékùnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ni. Bó bá dìde, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú ló máa sọ. Lọ́yà tó ń bá ìjọba ro ẹjọ́ tako bàbá mi ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òun àti adájọ́, kò sí ọmọ ìlú yìí nínú wọn, kò sì sí Mùsùlùmí. Ó kọjú sí bàbá mi, ògbufọ̀ ń túmọ̀.

"Ṣé dókítà ni ọ́?"

"Rárá, ọ̀gá."

"O bá èèyàn tó ṣì ń mí. O ò sáré pe dókítà. O jókòó tì í, o ń yí i kiri bí iṣu?"

"Mo rí i pé ó ti ń lọ, ọ̀gá. Mo yí i sí Kíbúlà ni."

"Irin tí wọ́n fi fọ́ ọ lórí ńkọ́? Òun náà lo yí sí Kíbúlà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nínú kóòtù tí bàbá mi wà láàárín ikú àti ìyè, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi wá rí i pé ohun kan ṣoṣo ló kù, kí ẹni tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún wá ṣàlàyé fún adájọ́ pé àṣà wa ni. Ó lọ bá àfáà àdúgbò wa, ẹni tó kọ́ bàbá mi ní kéú láti kékeré. Mo wà níbẹ̀. Àfáà ń ja tẹ̀sùbáà, ó mi orí. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe." Ìyá mi ní, "Ṣé ẹ ó wá sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́?" Ó ní, "In ṣá Allah." Ìyá mi lọ sí ọ̀dọ̀ Àlhájì onítẹlifíṣọ̀n, in ṣá Allah. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wẹ òkú, in ṣá Allah. Kò sẹ́ni tó sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé tí mánijà ti wá ló kan òrùlé mọ́sálááṣí wa, wọ́n sì ti búra pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jìyà ikú ọmọ wọn. Àwọn náà mọ Kíbúlà o. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ máa parí, àfáà wá. Mo rí láwàní rẹ̀ láàárín àwọn tó jókòó lẹ́yìn, kí ìyá mi tó rí i. Mo fa ìyá mi láṣọ. Nígbà tó rí i, ojú rẹ̀ tàn, ó fún mi lọ́wọ́ pinpin, ó ní, "Ó ti dé. Alhamdulillahi, ó ti dé." Nígbà tí wọ́n bi bàbá mi bóyá ó ní ohun mìíràn láti sọ, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn. Ó ní, "Àfáà tó kọ́ mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá mo purọ́." Gbogbo kóòtù yíjú. Adájọ́ gbójú sókè, ó ní ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àfáà wo àwọn ará ilé mánijà tí wọ́n jókòó níwájú rẹ̀. Ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Ó ń jà á. Ìyá mi ń mi orí sí i, ó ń mi orí sí i bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Àfáà ò dìde.

Ikú ni adájọ́ dá fún bàbá mi. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n ní àánú ni. Nígbà tí kóòtù ti tú, tí wọ́n ń gbálẹ̀, ìyá mi ṣì jókòó, ó ṣì ń wo ẹ̀yìn. Télọ̀ wá bá wa nílé, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Bí mo ṣe rí i nínú tẹlifíṣọ̀n ni mo sọ fún yín." Kò túmọ̀ ìtàn kóòtù mọ́ láti ìgbà yẹn. Àwa náà ò rí i wò mọ́. Èmi àti àbúrò mi débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó Àlhájì na ọwọ́ sí géètì, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé yín. Kí lẹ tún fẹ́ wò? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹjọ́ tiyín nílé."

Ẹ̀wọ̀n tó jìnnà ni wọ́n gbé bàbá mi lọ, ibẹ̀ náà ló kú sí. Wọ́n ti sin ín kí a tó gbọ́. Ìyá mi wọ mọ́tò láti Ọ̀fà Garage, ó lọ bá wọn níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ wọ́dà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kọjú rẹ̀ sí?" Wọ́dà ní, "Ìyá, ọgbà ẹ̀wọ̀n rèé o. Bí ilẹ̀ bá ṣe gbà la ṣe ń sìnkú." Ìyá mi gbé ìdáhùn yẹn bọ̀ wálé, ó gbé e dé sàréè tirẹ̀. Ẹni tó pa mánijà, títí dòní, a ò mọ̀ ọ́n.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi yìí gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ìtàn kóòtù tí ẹ máa ń sọ nìyí?" Òun náà ni. Ọ̀gá tó gbórí lé tábìlì, ọmọbìnrin tó ń sunkún, lọ́yà fàkìà-fakia. Nígbà tí ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn fò dìde, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, eré mà ni. Wọ́n ti kọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó dìde." Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ fún un?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ wò ó. A ò mọ̀.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Lóòótọ́ ni. Ọmọdé ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n sínú àpò. Wọ́n ní kámẹ́rà wà nínú ọ́fíìsì báyìí, tó ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ó dáa. Bóyá kámẹ́rà ò ní bẹ̀rù ọmọ ilé ńlá. Àwọn èèyàn ní ojú àánú ò sí mọ́, pé bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn lójú títì, fóònù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń yọ, wọn kì í kúnlẹ̀ tì í. Èmi ò bá wọn wí. Èmi mọ ohun tó ṣe ẹni tó kúnlẹ̀.

Àfáà yẹn ti kú. Àlhájì ti kú. Akọ̀wé náà ti kú. Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú wọn, wọ́n sì kọjú gbogbo wọn sí Kíbúlà dáadáa. Bàbá mi nìkan ni mi ò mọ ibi tó kọjú sí.