Àgò Lẹ́nu Àpótí Irin

Ariwo irin tó ń ha irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ohunkóhun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọgbà oníṣòwò kan ní Ijora ni, lẹ́bàá ojú irin, níbi tí òórùn díísẹ̀lì àti ti omi ọ̀sà ti dà pọ̀. Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Èmi ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi típà kó yanrìn, ọ̀gá mi sì ti gba iṣẹ́ tuntun: kíkó pàǹtí àwọn àdúgbò kan ní Muṣin àti ti ọjà kan lọ́nà Ọ̀yìngbò. Nítorí iṣẹ́ yìí la ṣe wá yan ọkọ̀ àti àpótí irin tí a ó máa lò.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ohun tí mo mọ̀ nípa kíkó ilẹ̀ kò ju ṣọ́bìrì àti típà lọ. Ọkùnrin mẹ́fà á dúró ti òkìtì pàǹtí láti àárọ̀, wọ́n á máa wà á sókè sínú ọkọ̀, ìdajì rẹ̀ á sì máa já lé wọn lórí. Ọkọ̀ tí oníṣòwò yìí fi hàn wá kò nílò ṣọ́bìrì. Tírélà gígùn kan ni, àpótí irin ńlá tí kò ní òrùlé sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà á fa irin kékeré kan. Ibi tí àpótí náà jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iwájú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀, okùn irin tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi ń tú díẹ̀díẹ̀, àpótí náà sì ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyálé tó sọ garawa omi kalẹ̀ tí ẹ̀kán kan kò dà nù. Ọkọ̀ náà wá fi í sílẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, ó padà wá, ó fi okùn kan náà fà á gun ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò lè pa ẹnu mi dé. Ẹni tó bá ti ru ẹrù láti kékeré mọ̀ pé ènìyàn kì í dá ẹrù wúwo gbé rù, kì í sì í dá a sọ̀. Ẹnìkan ní láti bá a gbé e. Ọkọ̀ yìí ń dá ẹrù tirẹ̀ sọ̀, ó sì ń dá a gbé rù.

Kì í ṣe pé mo mọ̀ nípa ọkọ̀ ni ọ̀gá fi mú mi dání. Ó mú mi lọ nítorí pé mo máa ń wọn nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé gírámà ni téèpù ti ń bẹ nínú báàgì mi, ìgbà tí mo sì bímọ ni ó wá di àìsàn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, ó ti pé ọdún méje nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí orí rẹ̀ dé lára férémù ilẹ̀kùn wa ní Sùúrùlérè. Mo mọ àlàfo tó wà láàárín irin fèrèsé wa: íǹṣì mẹ́rin, orí ọmọ mi kò lè kọjá níbẹ̀. Mo mọ bí kànga ilé kejì ṣe jìn tó. Mo gbà pé ohun tí mo bá ti wọ̀n kò lè pa ọmọ mi lára mọ́.

Oríṣi àpótí méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ògiri ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ti èkejì sì ga tó mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọ̀gá fẹ́ èyí tó ga, nítorí pé yóò gba pàǹtí púpọ̀, ọkọ̀ kò sì ní máa lọ sí ààtàn lemọ́lemọ́. Awakọ̀ wa, àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, yí àpótí gíga náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí léèrè pé, "Ìyá Onítéèpù, ta ló ń da ilẹ̀ nù nílé yín?"

Mo ní, "Ọmọdé ni, Bàbá. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Báwo ló ṣe ga tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́wàá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tilẹ̀ ronú kí ẹ tó dáhùn. Ṣé ibi tí mo ń lọ ti yé yín?"

Mo rò pé ó yé mi. Mo ní ìdí náà gan-an ni mo ṣe fara mọ́ èyí tó ga, kí ọmọdé má baà lè kó sínú rẹ̀. Mo sì fi òwe kún un pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Bàbá ní, "Ẹ parí òwe náà."

Mo ní tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ "gíga" sínú ìwé mi, mo fa ilà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a gbé ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà wá sí ìkóríta àdúgbò ìyá mi ní Muṣin, àwọn mẹ́káníìkì pa iṣẹ́ tì, àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n jáde wá wòran. Bí ó ṣe ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀, gbogbo wọn ń na ọrùn wò ó. Ìyá arúgbó kan ní, "Ẹ̀dá Ọlọ́run ló ronú kan èyí?" Orí mi wú bí ẹni pé èmi ni mo rọ irin náà. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tí mo ń rí ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sí: pé àwọn ọmọdé tí wọ́n ru abọ́ ilẹ̀ wá láràárọ̀ kì í tó etí àpótí náà, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí, pé ẹnìkan sì ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin léra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Mo ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìwà Bàbá. Kí ó tó fi okùn kọ́ àpótí kankan, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò fi sípánà kan ara irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Àgò onílé o." Lẹ́yìn náà ni yóò dúró, yóò tẹ́tí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta lẹ ń kí? Ṣé àwọn eku ni?"

"Eku náà nílé. Ṣé baba tìẹ ló kọ́ ilé ọ̀hún?"

Mo wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni ó ń gbà lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, a sì ń kó àpótí mọ́kànlá lójúmọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé ọkọ̀ náà kí n fi aago wọ̀n ọ́n dáadáa, kí òun lè bá bàbá náà sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ó fi sílẹ̀. Inú Bàbá kò dùn nígbà tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní, "Ẹ ti wọn irin tán, ó wá kan ẹnu mi. Ìyá Onítéèpù, ohun tí ènìyàn bá ti lè wọ̀, ilé ni. A kì í wọlé onílé láìkágò." Mo dá a lóhùn pé pàǹtí kò ní onílé. Títí dòní, bí mo bá rántí ìdáhùn yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ọjọ́ kẹta ìwọ̀n náà bọ́ sí àsìkò ìsinmi ilé ìwé, ọmọ mi sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Muṣin. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá nígbà tí a dé ìkóríta. Mo dúró pẹ̀lú aago àti pẹ́ńsù. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó kan irin lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Àgò onílé o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélógún, mo ṣe tán láti sọ fún un pé ó tó.

Ohùn tín-ín-rín kan ti inú àpótí náà jáde. Ó ní, "Àgò yà o."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹnìkejì òun ló ń ṣàwàdà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohùn náà. Bàbá kò kánjú, kò sì fi nǹkan falẹ̀: ó kọ́kọ́ pa ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ó tó gun àwọn búlọ́ọ̀kù náà, ó wo inú àpótí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, onílé." Mo gbọ́ tí ọmọ mi dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Nígbà tí ó gbé e sọ̀kalẹ̀, èèpo iṣu wà nínú irun rẹ̀, ó sì di abọ́ tánganran ìyá mi mọ́ àyà.

Màmá àgbà ló rán an lọ da ilẹ̀ nù. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó etí àpótí, ó gun búlọ́ọ̀kù, ó na apá, abọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ilẹ̀ inú rẹ̀. Ó tẹ̀ lé abọ́ náà wọlé. Lẹ́yìn náà ni ògiri ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀ tí èmi yàn kò jẹ́ kí ó lè jáde mọ́. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi pariwo. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n á na òun nítorí abọ́, pé nígbà tí òun gbọ́ ọkọ̀ wa, ṣe ni òun tún sá pa mọ́ sí kọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o wá dáhùn?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé bí wọ́n bá ti kágò, ènìyàn gbọ́dọ̀ dáhùn."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Bàbá kò kágò, orí mi sì ń kà á láìdúró: bí okùn ṣe ń fà á, bí ẹ̀yìn àpótí ṣe ń tẹ̀ tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ya lọ síbẹ̀, bí katapílà ṣe ń dúró de ẹrù wa ní ààtàn. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé dà síbẹ̀. Ó fa apá mi, ó ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà, ó rọra bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ló jẹ́ lónìí?" Aago náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí a padà sí Ijora. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi bá wa lọ, ó ru abọ́ tánganran náà lórí. Mo ní kí ó dúró ti àpótí kúkúrú. Oníṣòwò náà ń wò mí bíi pé orí mi dàrú, pé ta ló ń fi ọmọ ilé ìwé wọn tírélà. Abọ́ orí rẹ̀ fi íǹṣì méjì sílẹ̀ kí ó tó dé etí irin. A gba àwọn àpótí kúkúrú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ń ṣí gbayawu, wẹ́dà kan ní Muṣin sì jó àtẹ̀gùn ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ ìta wọn, ó jó òmíràn mọ́ inú. Àwọn kan bi mí pé kí ni ti inú wà fún. Mo ní fún ẹni tó bá fẹ́ jáde ni. Èyí tó ga, ibi tí wọ́n ti ń wó ilé la kó o lọ, níbi tí ọmọdé kì í dé. Mo sì tẹ ìwé kan fúnra mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì: kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kágò, kí ó sì dúró. Mi ò kọ iye ìṣẹ́jú sí i.

Bàbá ti sùn, ó pẹ́. Ọmọ mi ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ó sì ga jù mí lọ. Ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ àdúgbò wa báyìí máa ń gbé pàǹtí mì, á rún un nínú ikùn rẹ̀, ìyanu ni fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ìyanu tèmi ni pé ohun èlò ńlá bẹ́ẹ̀, tó lè dá ẹrù ara rẹ̀ gbé, dúró jẹ́ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ ọdún méje mọ̀. Bí mo bá fẹ́ wọ yàrá kan nínú ilé mi, kódà èyí tí mo mọ̀ pé ó ṣófo, mo máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń kágò, mo sì máa ń dúró. Mi kì í wo aago.