Ẹyin Sìlífátù

Lọ́dún 1979, nígbà tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára àwọn ilé Festac, Bernice Fọláyan kó ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ó ní jẹ́lé-ó-sinmi lòun ṣí. Òfin kan wà tó fẹ́ràn ju a, b, d lọ: ohun yòówù tí ọmọ kan bá gbé wá, gbogbo wọn ni yóò jọ jẹ ẹ́. Bó bá ń wàásù rẹ̀, pásítọ̀ gan-an kò lè gbé e dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà a máa wo ojú kó tó mú ni. Nígbà tí Tòkunbọ̀, ọmọ ọ̀gá kan níléeṣẹ́ ìjọba, gbé kéèkì wá, Bernice rọra pa páálí rẹ̀ dé, ó ní kó gbé e padà sílé, kí mọ́mì rẹ̀ má baà bínú. Àwọn yòókù gbé itọ́ mì.

Lọ́jọ́ kejì, Sìlífátù, ọmọ Àmúsà dírẹ́bà tó ń gbé ní Kuje, abúlé tó wà nítòsí Festac, mú ẹyin sísè kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ń yí i lọ́wọ́, kò tètè fẹ́ bó o.

"Sìlí, kí la máa ń ṣe?"

"A máa ń pín in, Àǹtí."

Bernice fa òwú ìránṣọ yọ, ó fi gé ẹyin náà sí mẹ́jọ. Ó ní olóhun ló ń mú kẹ́yìn. Funfun ṣóńṣó ìdí ẹyin ló kan Sìlífátù. Bernice ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, inú Bernice fúnra rẹ̀ sì dùn.

Lọ́sàn-án, Làtífátù, ìyá ọmọ náà, dé, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣó jẹ ẹyin ẹ̀ ṣá? Bàbá ẹ̀ ò kí ń gbà kọ́mọdé jẹyin, ó ní wọ́n á máa jalè. Ibà tó ṣe é ló jẹ́ kó gbà lẹ́ẹ̀kan yìí. Àtàná ló ti ń gbé e kiri."

Sìlífátù wo Àǹtí rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. "Mo jẹ ẹ́, Màámi. Ó dùn."

Ojú ti Bernice. Ìbẹ̀rù ìyá Tòkunbọ̀ ló gba kéèkì sílẹ̀, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá bá a jà nítorí ẹyin ọmọ dírẹ́bà? Ibi pẹlẹbẹ ló ti mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ó wá ń pè é ní ẹ̀kọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó se ẹyin ńlá kan, ó bó o, ó pe Sìlífátù wọ kíṣìnnì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ó yá, jẹ ẹ́. Tìẹ nìkan ni."

Ọmọ náà kò nawọ́. Ó wo ilẹ̀kùn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "òwú dà?"