Àdúrà Tí Mo Gbà Sórí Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Mi

Àdúrà ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, àdúrà náà ló sì bà mí jẹ́ lójú bàbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Níbi tí a ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìlarò, Ọ̀gá ò tiẹ̀ béèrè bóyá mo mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ pé tíṣà ni bàbá ẹ, àti pé wọ́n máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìwọ náà lè gbàdúrà?" Mo ní mo lè gbà á. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, "ó" ni màá máa pè é o. "Wọ́n" ti tán lẹ́nu mi fún un.

Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ tí kò ní fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí i kí táyà tó kúrò ní géètì. Ọ̀gá ti kíyè sí i pé ẹni tí wọ́n bá gbàdúrà fún dáadáa kì í tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, ojú á máa tì í. Torí náà, èmi ni mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ mú, tí màá pajú dé: "Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹ ó lò ó pẹ́, ẹ ó fi ra òmíràn." Oníbàárà á ṣe Àmín, á gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá á ní ọwọ́ mi tutù. Inú mi á sì máa dùn, òmùgọ̀ èmi.

Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ti ń wá, kí wọ́n tó gba Ìdí-Ìrókò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé omíyalé ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá. Ọmọ odò là ń pè wọ́n láàárín ara wa. Ọ̀gá á tú ìjókòó wọn sá sóòrùn, á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, á fín lọ́fíńdà sí i, ó parí. Ibì kan ṣoṣo ni kì í rántí, bẹ́líìtì ìjókòó. Apá tó ká sínú ihò kì í rí ọṣẹ. Ẹ fà á títí á fi tán, ẹ ó rí ẹrẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo fa bẹ́líìtì ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan lọ́sẹ̀ tó dé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mo jẹ́ kó ká padà, mo panu mi mọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo máa rà á.

Àfi bí mo ṣe rí bàbá mi lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ti Ayétòrò wá pẹ̀lú mẹkáníìkì wọn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ti jáde. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, ọ̀kadà sì ti gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá wá búra pé Màmá ò tún ní gun ọ̀kadà lọ sọ́sibítù mọ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n máa rà láyé wọn nìyí. Wọ́n ní àwọn ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ kó lè yà mí lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu lóòótọ́.

Ojú wọn ò lọ síbòmíràn àfi ara aláwọ̀ eérú yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo pupa tó wà lẹ́yìn yẹn. Ó ti gbó díẹ̀, àmọ́ ó lágbára." Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ló ń tajà níbí. Ṣé ọmọ á wá ta ọkọ̀ burúkú fún bàbá ẹ̀ ni?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bàbá ní, "Pa á dé, jàre. Ọmọ mi ń bẹ níbí, kí la tún ń yẹ̀ wò?"

Ọ̀gá wò mí. Oúnjẹ mi, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, inú ìwò yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ lè ní ẹ̀yin ìbá sọ̀rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Mo lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Ó yá, gbàdúrà fún wa." Mi ò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Ó gùn, mo sì ń sunkún, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Àmín Bàbá ló ròkè jù, àwọn tó wà lódìkejì títì gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa títí òjò fi dé. Omíyalé ti jẹ wáyà ẹ̀ látinú. Fèrè ẹ̀ á kàn máa dún fúnra ẹ̀. Gíláàsì á wálẹ̀, kò ní gòkè mọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé Màmá lọ sọ́sibítù, ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà nínú òjò, ọ̀kadà náà ni Màmá tún gùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Bàbá lọ dá ọkọ̀ náà padà fún àwọn olè tó tà á. Bàbá ní ẹjọ́ ọkọ̀ kọ́, àwọn làwọn ò mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló gbàdúrà sí i."

Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, ó ní ọjà tá a bá ti tà ti lọ nìyẹn, kí n wá gbàdúrà fún oníbàárà tó wà nílẹ̀. Mo lọ. Mo gbà á. Mo kórìíra ohùn ara mi lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ sílé. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé, táyà ẹ̀ ti rọ̀ mọ́lẹ̀, Bàbá jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ní kí n wọlé wá jókòó ti àwọn. Wọ́n nawọ́ kọjá níwájú mi, wọ́n mú bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n fà á títí ó fi tán. Ẹrẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, "Mi ò tíì sọ fún ìyá ẹ."

Màmá ti rí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fara ti ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó tún bá wa gbàdúrà sí i, bóyá á ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ mi tutù."

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Gbà á. Ìyá ẹ ní kó o gbà á. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ṣe Àmín."

Mo pajú dé, mo gbà á. Màmá nìkan ló ṣe Àmín.