Agogo tí Wọn Ò Lù fún Lorna

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé etí yín wà nílé?"

"Ó wà nílé, ẹ̀yin ló ń retí!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ró gbì, ó balẹ̀ sórí fìlà Lorna.

Ní ìlú wa níbí, ní Pẹnsilfáníà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Lorna ń gbé. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, orúkọ ọkùnrin ló sì ń jẹ́ nígbà tó ń wa ọkọ̀ àwọn ológun nínú aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ̀ pé obìnrin lòun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Oorun dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ wúwo bí òkúta odò. Dókítà ní, "Lorna, má dá jókòó sílé. Wá ibi tí wọ́n á ti máa bèèrè ẹ bí o ò bá wá."

Ibo ló tún kù bí kò ṣe gbọ̀ngàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì? Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà nídìí ọtí. Ẹni tó bá gbàgbé, wọ́n á lu agogo lé e lórí, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á sì ra ọtí fún gbogbo ilé.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Merle, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ló gbàgbé fìlà sórí. Gbàù!

"Merle apárí, kí lò ń bò mọ́lẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Lorna jókòó ní kọ̀rọ̀, owú ń jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi. Merle tí kò kọjá ilé ìdáná lójú ogun. Ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ìyà yẹn gan-an ni Lorna ń jowú.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Lorna mọ̀ọ́mọ̀ dé fìlà wọlé. Kò sẹ́ni tó lu agogo. Ojú wọn kàn ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni ń wo fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí wọn ò bá lu agogo fún òun lónìí, òun ò ní jáde nílé mọ́.

Ó lọ bá Wendell tó ń ta ọtí, ẹni tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ kan náà lójú ogun.

"Wendell, ṣé o ò rí nǹkan tó wà lórí mi ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé o ò ní fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa wò ẹ́ ni."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ àánú?"

Merle dá sí i. "Fi í sílẹ̀ jàre, Wendell. Fìlà obìnrin ò sí nínú òfin. Àbí kí la tiẹ̀ fẹ́ pè é?"

Mama Opal, nọ́ọ̀sì ogun tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, gbé ẹja rẹ̀ sílẹ̀.

"Merle, ọmọ mi, lọ́dún tó kọjá, wọ́n mutí lọ́wọ́ mi níbí tìtorí fìlà. Bí ti obìnrin ò bá sí nínú òfin, kí wọ́n bì í padà fún mi. Bó bá sì wà níbẹ̀, kí lẹ ń wò?"

Ẹ̀rín gba ilé. Ojú ti Wendell. Ó nawọ́ sí agogo. Gbàù!

"Lorna! Ta ló tọ́ ẹ, tó o fi ń dé fìlà nídìí ọtí?"

Lorna ṣí fìlà, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ra ọtí fún gbogbo ilé. Merle ní omi lásán lòun ó mu.

Ẹ má rò pé owú yẹn tán o. Bó ti ń wakọ̀ lọ sílé, ó ń kùn: "Merle, ọ̀sẹ̀ kan péré. Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá arúgbó ló tún gbà mí sílẹ̀." Síbẹ̀, ó fi fìlà náà sílẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀, de ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ó tó. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora yẹn? Bọ́ fìlà orí ẹ, kí o sùn, kí n tó wá agogo.