Wòlímọ̀ Ìtàn ní Sàúrè Dọ́kítà Sàlíhù

"Dọ́kítà, ọdún kẹta rèé tí Raudah ti ń jókòó lórí ẹní yín! Wòlímọ̀ ẹ̀ dà? Ìgbà wo lẹ máa wé láwàní fún un?"

Ìyá Raudah nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sín wọn jẹ, ẹ fa imú, kẹ́ ẹ wá gbọn híjáàbù bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ.

"Ẹ ṣe sùúrù. Ìtàn ni mo ń kọ́ wọn, kì í ṣe kéwú. Kò sí wòlímọ̀ nínú ìtàn." Dọ́kítà Sàlíhù ló ń fèsì, ohùn pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ń fìka ti awò ojú sókè.

"Kì í ṣe kéwú kẹ̀? Lẹ́yìn Alásàrì, nínú sàúrè, ẹ̀yin ń kà, àwọn ọmọ ń gbè é. Kí la wá ń pe ìyẹn?"

Wàláhì, òótọ́ ni Ìyá Raudah sọ. Ní àdúgbò Gàmbàrí tiwa, ẹni tó bá kó ọmọ jọ sí sàúrè, yàrá ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀, àfáà ni. Dọ́kítà tí wọ́n ń pè é, ìyẹn ò kàn wá.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Dọ́kítà ti ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ní kò sóorun tó dùn tó ti kíláàsì wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti di purofẹ́sọ̀, wọ́n ti kó lọ sí GRA. Dọ́kítà ní tiwọn jókòó sádùúgbò, wọ́n ń bá wa kọ lẹ́tà nítorí omi ẹ̀rọ, wọ́n ń báwọn orogún parí ìjà. Omi ò tíì dé, àwọn orogún ṣì ń jà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń kí Dọ́kítà dáadáa.

Sàúrè yẹn nìkan lọmọ ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìyẹn ni ojú wọn fi yí padà nígbà tí Ìyá Raudah ní:

"Tí kò bá sí wòlímọ̀, ọ̀dọ̀ àfáà ìsàlẹ̀ ni Raudah ń lọ lọ́la!"

Àwọn ìyá yòókù mi orí. Dọ́kítà wo ẹní, wọ́n wo àwọn ọmọ.

"Kí ni wọ́n máa wá kà?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn náà ni! Ẹ ṣáà wé láwàní."

Òun ló dé tá a fi ta kánópì lónìí. Raudah dìde pẹ̀lú láwàní, ó kígbe: "Àwọn baba ńlá wa ti ilẹ̀ Haúsá wá!"

"Àmín!" Gbogbo àwọn ìyá.

"Òwò ni wọ́n bá wá!"

"Àmín o!"

Dọ́kítà na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àdúà, ìtàn ni."

"Àmín, Àfáà wa!"

Ẹnì kan ò sùn. Dọ́kítà bọ́ awò, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ní kí Raudah tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín Dọ́kítà jẹ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe à—"

"Hidayat! Ẹran ń jóná lórí iná, ò ń sín àgbà jẹ! Wá bí!"

Ìyá mi nìyẹn. Mò ń bọ̀, mà!