Ilé-Ìwé Tí Mo Ní Kò Sí Mọ́

Tàtàṣé ń ta pàrà pàrà lórí èédú, èéfín ti gba gbogbo bálíkónì, ojú mi ń ṣomi. "Tètè bó o, má jẹ́ kó tutù," ni bàbá àgbà kan ń wí fún mi. Ìka lásán ni wọ́n fi ń bó tiwọn, àfi bí ẹni pé iná kì í jó wọn. Òkè ilé wa ni wọ́n ń gbé ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta. Tí mọ́mì mi bá lọ shift ní hospital, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà lẹ́yìn school. Grandpa ni mò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ a ò bára tan.

Bulgaria ni wọ́n ti kọ́ tàtàṣé sísun. Ìjọba ilé wa ló rán wọn lọ síbẹ̀ nígbà èwe wọn láti kọ́ nípa ẹ̀rọ oko. Tá a bá ti ń bó tàtàṣé, ìtàn ilé-ìwé yẹn náà ni.

"Ilé méjì péré la bá níbẹ̀, láàárín oko àgbàdo," ni wọ́n á wí. "Ní Sátidé, gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń ru bíríkì. Òtútù yẹn, háà! Hostel tí mo ń sùn sí, èmi náà bá wọn kọ́ ọ ni. Kí n tó kúrò, ilé ti di méje!"

Ní Atlanta, páálí ni wọ́n ń gbé ní warehouse, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n gan-an. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wá ní àwọn á gbà wọ́n kí wọ́n máa kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ilé-ìwé wọn bá lè kọ̀wé jẹ́rìí pé wọ́n yege níbẹ̀. Wọ́n gbé sáfíkéètì wọn tọ̀ mí wá, wọ́n fi ọ̀rá wé e.

"Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Bá mi wá àdírẹ́sì wọn."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, cartoon sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orúkọ tó wà lórí sáfíkéètì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan kan ò jáde.

"Grandpa, ilé-ìwé yín ò sí mọ́."

"Kò sí mọ́?"

"Yes sir. Kò sí mọ́."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé nǹkan dàrú níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba wọn yí padà. Ó dáa náà." Wọ́n dá sáfíkéètì padà sínú ọ̀rá, wọ́n wọ bàtà, wọ́n gba warehouse lọ. Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì parí síbẹ̀. Páálí ni wọ́n ń gbé títí ẹ̀yìn wọn fi kọ̀. Kí n tó jáde high school, a ti sin wọ́n sí Lithonia.

Lọ́dún tó kọjá, mo wà nínú mọ́tò mi ní àsìkò lunch, mo ṣàdédé rántí orúkọ ìlú tí ilé-ìwé Grandpa wà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Yeè! Yunifásítì ńlá gbàǹgbà ló jáde. Wọ́n kọ ìtàn ara wọn síbẹ̀: ilé méjì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìjọba sọ ibẹ̀ di yunifásítì, tí wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun. Wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin àti ìṣègùn báyìí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá gba sáfíkéètì lábẹ́ orúkọ àtijọ́ kọ̀wé sí àwọn, àwọn á jẹ́rìí fún un.

Mo sunkún débi pé mi ò lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Àwọn àgbà ṣì máa ń na fóònù sí mi ní church: "Ọmọ mi, bá mi wò ó." Mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n á ní mo ní sùúrù bíi mọ́mì mi. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Àgbàlagbà kan ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ rí láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà.