Àmín Tí Mi Ò Ṣe

Nígbà tí wọ́n gbàdúrà fún ọkọ mi ní ìjọ wa ní Schöneberg, ní Berlin, gbogbo èèyàn ló ṣe àmín àfi èmi. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ àdúrà náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí nínú sùtánà funfun mi, láìwọ bàtà, lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí à ń háyà, tó tutù bí inú fíríìjì. Mo pa ẹnu mi dé, mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Ìrìn àjò àdúrà ni wọ́n ń rán an lọ, òun àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn. Wọ́n ti ríran nínú ìjọ pé kí àwọn èèyàn wa gba ilẹ̀ Ukraine kọjá láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n máa dúró lójú pópó níbi tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́, kí wọ́n máa bẹ Ọlọ́run kí ogun náà dáwọ́ dúró. Wọ́n bèèrè ẹni tó máa wakọ̀. Kí n tó yíjú, ọwọ́ ọkọ mi ti wà lókè. Kò bá mi sọ ọ́ nílé rí. Bí gbogbo ìjọ ṣe gbọ́ ọ lèmi náà ṣe gbọ́ ọ. Kí ni mo wá fẹ́ sọ? Ìyàwó tó bá dìde láàárín ìjọ, tó ní ọkọ òun ò ní lọ síbi tí Ọlọ́run rán an, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti máa gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi débi pé eyín ń ro mí.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò pé, bàbá àgbà ìjọ gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ó gbàdúrà ààbò. Mo fẹ́ ṣe àmín sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò dánu dúró kí n ráyè. Ó ní, "Ẹ ó lọ, ẹ ò ní wẹ̀yìn! Títí ẹ ó fi dé ìlú tó kẹ́yìn, ẹ ò ní wẹ̀yìn!" Gbogbo ìjọ pariwo àmín. Èmi ń rò ó pé, ta ló wà lẹ́yìn wọn gan-an? Èmi àti ọmọ mi ni.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti di oúnjẹ àti oògùn kún, ọkọ mi fà mí sápá kan.

"Mummy, mi ò gbọ́ àmín ẹ o."

"Daddy, tí wọ́n bá gba èyí tí mo lè ṣe àmín sí, ẹ ó gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe tó bá rò pé inú mi á rọ̀ tó bá yá. Inú mi ò rọ̀. Wọ́n gbéra. Èmi àti ọmọ wa obìnrin juwọ́ sí wọn. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ ni Daddy ẹ̀ ń bá lọ.

Wọ́n fi àwa tí a kù sílé sínú ṣéènì. Ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà sókè ní gbogbo wákàtí tí àwọn arìnrìn-àjò bá fi wà lójú ogun. Tí wákàtí tìẹ bá pé, wà á pe ẹni tó kàn lórí fóònù, o ò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi sọ pé, "Mo ti gbà á." Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn kan ní Altona, ní Hamburg tí à ń gbé. Mo ti gba àdúrà náà nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo ti gbà á nílé wa ní Veddel tí ọbẹ̀ ń jóná lórí iná. Ìbínú ni mo fi ń gbà á. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó pa ọkọ mi mọ́, mo sì ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ọmọ mi ń bọ̀ láti ìsìn ní Berlin, a ń padà sí Hamburg. Kí a tó wọ ọkọ̀ ojú irin ni ohùn ọkọ mi wọlé sórí fóònù mi: "Mummy, síréènì ti ké. A ti sá wọ abẹ́ ilé kan, àwa àti àwọn people tó ń gbé níbí. Ó ń ró lórí wa gan-an o. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Mo pè é padà, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ.

A ò tíì jìnnà sí Berlin nígbà tí wákàtí mi tó. Mo gbà á lọ́wọ́ arákùnrin tó ṣáájú mi, mo lọ dúró lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí bọ́gì méjì ti pàdé, mo bẹ̀rẹ̀. Àdúrà tiwa kì í ṣe àdúrà abẹ́nu. Ọmọ mi wá bá mi. Ó ní, "Mama, die Leute gucken." Ojú ń tì í nítorí àwọn tó ń wò wá. Mo ní kí wọ́n máa wò.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ rọra falẹ̀, ó sì dúró pátápátá láàárín oko. Ohùn kan sọ pé Störung ni, nǹkan bà jẹ́ lójú irin, kí a ní sùúrù. Ilẹ̀kùn tì pa. Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ kú, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Nígbà tí wákàtí mi pé, mo pe ìyá ìjọ wa ní Hamburg, tó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Kò lọ. Mo wo fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí rárá. Mo gbé e sókè, mo gbé e mọ́ gíláàsì, mo tiẹ̀ gun àpótí ẹni ẹlẹ́ni. Kò sí.

Ẹni tórí ẹ̀ pé á ní Ọlọ́run náà kúkú rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, á lọ jókòó. Èmi ò lè jókòó. Tí mo bá gbé àdúrà náà sílẹ̀, tí nǹkan bá wá ṣe ọkọ mi lábẹ́ ilé yẹn, ta ni mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún? Mo ń bá a lọ. Mo ka gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀, mo tún wọn kà. Ọkùnrin Jámánì kan dìde wá, mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà ni. Mo sọ fún un lédè wọn pé ọkọ mi wà ní Ukraine. Ó padà lọ, ó gbé omi wá fún mi. Mo mu ún, mo ń pariwo lọ. Mo kórìíra ọkọ̀ yẹn, mo kórìíra ilẹ̀kùn rẹ̀, mo kórìíra ọwọ́ tí ọkọ mi nà sókè.

"Mama, du bist zu laut," ni ọmọ mi tún wí, pé ariwo mi ti pọ̀ jù.

"Daddy ẹ wà lábẹ́ ilé kan, wọ́n ń ju bọ́ǹbù lù wọ́n!"

Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Ojú ọmọ náà yí padà.

"Kommt Papa nicht wieder?" Ó ń bi mí bóyá bàbá òun ò ní padà wá mọ́.

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ohùn mi ti há. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún gbà mí. Mi ò lè gbàdúrà mọ́, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀.

Ọmọ mi bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí a ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ ló wí pé, "Mo ti gbà á."

Ó dijú. "Lieber Gott, Papa soll umdrehen. Er soll nach Hause kommen. Amen." Kí bàbá òun yí padà, kó máa bọ̀ nílé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pariwo, kò de Èṣù kankan mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Àmín." Ohùn tó ṣẹ́kù sí mi lọ́fun ni mo fi sọ ọ́, mo sì tún un sọ.

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ náà tó mira. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìlú kékeré kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ mi. Ti ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ wọlé: "Ìyàwó, mi ò rí call ẹ o, mo ti start tèmi since. Jọ̀ọ́, sinmi." Mo pòṣé, mo tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni tọkọ mi.

"Mummy, a ti jáde. Kò sí nǹkan tó ṣe wá. Ilé tó kọjú sí tiwa ti wó lulẹ̀. Àwọn brothers ní àwọn á máa lọ síwájú, wọ́n ní àwọn náà lè wakọ̀. Mọ́tò kan ń padà sí Poland láàárọ̀ ọ̀la, àyè ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹni tí ò ṣe àmín."

Mo dúpẹ́ títí. Ìgbà tí mo dúpẹ́ tán ni mo wá rí ẹrù tó gbé lé mi lórí. Tí mo bá ní kó máa bọ̀, Schöneberg á gbọ́, Hamburg á gbọ́, èmi ni màá di obìnrin tó fa ọkọ rẹ̀ padà lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run. Òun náà lè fi bú mi lọ́jọ́ tí a bá jà. Tí mo bá ní kó máa lọ, kí ni màá sọ fún ọmọ yìí? Mo ń rò ó títí a fi dé Hamburg, títí a fi wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, títí a fi sọ̀kalẹ̀ ní Veddel.

Nígbà náà ni mo rí i pé ọmọ mi ò wọ bàtà. Ó gbé e dání láti inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Mo ní kó wọ̀ ọ́. Ó mi orí. "Keiner hat's genommen." Ó ní kò tíì sẹ́ni tó gba àdúrà náà lọ́wọ́ òun.

Mo gba fóònù, mo ní, "Mo ti gbà á," ó sì wọ bàtà rẹ̀. Mo bá tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀.

"Daddy, mo ti ṣe àmín o. Àdúrà ọmọ yín ni mo ṣe é sí, kì í ṣe tàwọn àgbà. Ẹ yí padà. Ẹ máa bọ̀ nílé."